Súìṣì tó ń tan iná fúnra ẹ̀: kí ló ń rí gan-an, ibo ló sì yẹ kó wà nínú ilé?

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù nípa súìṣì oní-sẹ́ńsọ̀, ìyẹn èyí tó máa ń tan iná fúnra ẹ̀ tẹ́nì kan bá ti kọjá, ni pé ṣé kì í ṣe kámẹ́rà ni wọ́n fi pamọ́ síbẹ̀. Àwọn kan ò tiẹ̀ béèrè, wọ́n ti gbà lọ́kàn ara wọn pé ó ń wo àwọn. Àwọn míì rò pé ohùn ló ń gbọ́, wọ́n á dúró sábẹ́ ẹ̀ wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún un. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Kì í ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò, kò gbọ́ ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín èèyàn àti ewúrẹ́. Ooru ara ni èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ń mọ̀, ooru náà sì gbọ́dọ̀ máa rìn kó tó lè mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá ti di ìyẹn mú, gbogbo ohun tó ń dààmú àwọn èèyàn lórí nǹkan yìí máa yé yín, ìdí tó fi ń kú nígbà tẹ́ ẹ ṣì jókòó ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ìdí tó fi ń tàn láago méjì òru nígbà tí ò sẹ́ni tó dìde, gbogbo ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà, tí wọ́n máa ń kọ PIR sí lára páálí ẹ̀. Gbogbo ohun tó bá gbóná ló ń tú ìtànṣán kan jáde tí ojú wa ò lè rí, infrared ni wọ́n ń pè é, ara èèyàn náà sì ń tú tiẹ̀ jáde tọ̀sán tòru. Inú sẹ́ńsọ̀ yẹn, nǹkan kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n pín sí apá méjì. Tí ooru tó ń dé apá méjèèjì bá dọ́gba, kò ní ṣe nǹkan kan. Tí ooru bá kan apá kan ṣáájú èkejì, iná tín-ín-rín á jáde látinú ẹ̀, ìyẹn ló máa sọ fún súìṣì pé nǹkan ti kọjá. Ike funfun roboto tẹ́ ẹ máa ń rí lójú ẹ̀, tó ní ìlà wẹ́wẹ́ tàbí igun igun lára, ẹ má rò pé wọ́n fi ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán, lẹ́ǹsì ni, òun ló pín gbogbo iwájú sẹ́ńsọ̀ sí ọ̀nà ọ̀nà, àfi bí ìgbà tí wọ́n bá kọ ebè sóko. Tẹ́ ẹ bá dábùú oko yẹn, ẹ máa la ebè tó pọ̀ kọjá, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá la ọ̀kan kọjá ni sẹ́ńsọ̀ ń mọ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá gba inú poro bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ ẹ̀, ẹ ò la ebè kankan kọjá, ó lè jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá dé abẹ́ ẹ̀ pátápátá kó tó mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n má gbé sẹ́ńsọ̀ kojú géètì gbọnrangandan. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ torí wọ́n rò pé ó yẹ kó máa wo ẹni tó ń bọ̀ lójú. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, sára ògiri tó wà lápá ọ̀tún tàbí òsì, kẹ́ni tó ń wọlé máa rìn kọjá níwájú ẹ̀. Ti ara ògiri, ìwọ̀n mítà méjì sí méjì ààbọ̀ sílẹ̀ ló dáa. Tó bá ga ju ìyẹn lọ, abẹ́ ẹ̀ á di ibi tí ò rí, tó bá sì lọ sílẹ̀ jù, ajá àti ológbò lá máa tan iná fún yín.

Ohun kejì tó ti inú ọ̀rọ̀ ooru yìí jáde ni pé dígí ń dí i. Ẹ lè dúró síwájú wíńdò kẹ́ ẹ máa wo ìta, ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ PIR tẹ́ ẹ fi sínú ilé ò lè rí ẹni tó wà lẹ́yìn dígí, torí infrared tó ń jáde lára wa kì í gba inú dígí wíńdò kọjá. Ògiri náà ń dí i. Ohun kẹta ni pé ìyàtọ̀ ló ń wá. Ara wa nínú wà ní nǹkan bíi 37°C. Lásìkò ẹ̀rùn tí oòrùn ti na ògiri àti kọnkéré látàárọ̀, tí wọ́n ṣì gbóná lálẹ́, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ara èèyàn àti ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á kéré, sẹ́ńsọ̀ tó ń rí èèyàn ní mítà mẹ́jọ tẹ́lẹ̀ lè wá máa rí i ní mẹ́rin tàbí márùn-ún. Tí ọyẹ́ bá dé, ṣe ló tún máa ń mú bí abẹ. Kò bàjẹ́ o, ẹ má wulẹ̀ lọ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Oríṣi kejì wà, òun ló sì ń kó jìnnìjìnnì bá àwọn èèyàn. Ráda lòun, kì í wo ooru rárá. Ó ń rán ìgbì rédíò jáde, èyí tó pọ̀ jù ń lo 5.8 GHz, tí ìgbì yẹn bá kan ohun tó ń rìn, ó máa padà wá ní ọ̀nà tó yàtọ̀ díẹ̀ sí bó ṣe lọ, ibẹ̀ ló ti ń mọ̀. Ọ̀pọ̀ gúlóòbù tó ní sẹ́ńsọ̀ nínú, tẹ́ ẹ wò títí tẹ́ ẹ ò rí ike roboto kankan lára ẹ̀, ráda ló wà nínú wọn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìgbì yẹn ń gba inú dígí, pákó, síílìn àti ilẹ̀kùn kọjá. Tẹ́ ẹ bá fi sí kọ́rídọ̀ ilé oníyàrá ojú-ko-jú, ẹni tó ń yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá lè tan iná kọ́rídọ̀, fáànù tó ń yí lẹ́yìn ilẹ̀kùn lè tàn án, kódà omi tó ń ṣàn nínú páìpù ike lè tàn án. Mo mọ ilé tí wọ́n ti pe àwọn wòlíì wá gbàdúrà nítorí iná tó ń tàn lóru láìsí ẹnì kankan. Fáànù yàrá kejì ni. Ẹ̀rù tó ba àwọn èèyàn yẹn kì í ṣe kékeré, mi ò sì lè bá wọn wí, ẹni tó ta nǹkan fún wọn ò ṣàlàyé ohunkóhun fún wọn. Ráda dáa fún gáréèjì, fún stọ́ọ̀ tí ògiri blọ́kù yí i ká, fún ibi gbọ̀ngàn tẹ́ ẹ fẹ́ kó tètè mọ̀. Fún ilé tí yàrá sún mọ́ra, PIR ni kẹ́ ẹ rà.

Ti PIR náà máa ń tàn lójijì nígbà míì, àmọ́ tiẹ̀ ní ìdí tẹ́ ẹ lè rí. Alántakùn tó ta òwú sójú lẹ́ǹsì, èéfín gbígbóná látẹnu jẹnẹrétọ̀, apá ìta AC tó ń fẹ́ ooru, kọ́tínì tí oòrùn ti yá tí atẹ́gùn wá ń fẹ́. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo ẹ̀ ni kí gúlóòbù fúnra ẹ̀ wà níwájú sẹ́ńsọ̀. Tí iná bá kú, ooru ibẹ̀ á yí padà, sẹ́ńsọ̀ á rò pé ẹnì kan ti kọjá, á tún tàn, á tún kú, bẹ́ẹ̀ lá máa ṣe mọ́jú. Ẹ yí ojú ẹ̀ kúrò níbi gúlóòbù, ó parí.

Ní báyìí, àwọn bọ́tìnnì kéékèèké tó wà lábẹ́ tàbí lẹ́yìn ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé wọ́n wà. SENS ni bó ṣe máa ríran jìnnà tó. TIME ni bó ṣe máa pẹ́ tó tí iná máa fi wà ní títàn lẹ́yìn tó bá rí ìrìn kẹ́yìn, láti nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdù 10 dé ìṣẹ́jú 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sì fiyè sí i pé mo ní ìrìn kẹ́yìn, torí tẹ́ ẹ bá ń rìn káàkiri níwájú ẹ̀, á máa bẹ̀rẹ̀ òǹkà látìbẹ̀rẹ̀ ni. LUX ló ń fa ìjà jù. Wọ́n máa ń ya òṣùpá sí apá kan ẹ̀, wọ́n á ya oòrùn sí apá kejì. Tẹ́ ẹ bá yí i sọ́dọ̀ òṣùpá, ibi tó bá ṣókùnkùn nìkan ló ti máa ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ bá yí i sọ́dọ̀ oòrùn, á máa tàn tọ̀sán tòru. Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń ra èyí tó dáa, wọ́n á so ó mọ́ ara ògiri lọ́sàn-án gangan, wọ́n á rìn síwá rìn sẹ́yìn, kò ní tàn, wọ́n á ní ayédèrú ni wọ́n tà fáwọn. LUX ẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ òṣùpá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ yí LUX sí oòrùn, ẹ yí TIME wálẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ rìn kọjá, kẹ́ ẹ dúró kó kú, kẹ́ ẹ tún rìn. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ti mọ ibi tó ń rí dé lẹ tó máa wá tún un yí sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́.

Nǹkan kan tún wà tí ìlú wa fi yàtọ̀. Gbàrà tí iná bá dé sára sẹ́ńsọ̀ PIR, ó nílò nǹkan bíi ìdajì ìṣẹ́jú láti fara mọ́ ooru ibi tó wà, iná sì sábà máa ń tàn láàárín àsìkò yẹn yálà ẹnì kan wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Níbi tí iná kì í ti í lọ, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa rí ìyẹn, ọjọ́ tí wọ́n so ó. Àwa ńkọ́? NẸ́PÀ mú iná lọ, ó kú. Ẹ tan jẹ́ẹ̀nì, ó tàn. NẸ́PÀ dá a padà, ẹ yí changeover, ó tún tàn. Bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn. Tí iná NẸ́PÀ bá sì wálẹ̀ gan-an, tí fáànù ń yí bí ẹni ń ṣàìsàn, ẹ lè máa gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ nínú ẹ̀ tí iná á máa ṣẹ́jú, agbára tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni ò tó láti di súìṣì inú ẹ̀ mú. Ẹ pa á nígbà yẹn, torí kọ́-kọ́-kọ́ yẹn ló ń tètè jẹ ẹ́ run.

Ọ̀rọ̀ waya ló kàn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù. Súìṣì lásán tó wà lára ògiri yín, waya méjì péré ló sábà máa ń wà nínú àpótí ẹ̀. Ọ̀kan ni live tó ń gbé iná bọ̀, èkejì ló ń gbé e lọ sókè sí gúlóòbù. Neutral, ìyẹn waya tí iná ń gbà padà, kì í sí níbẹ̀, òkè níbi gúlóòbù ni wọ́n mú un gbà, torí súìṣì lásán ò nílò neutral, kò ṣe ju kó já iná kó sì so ó pọ̀. Ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ ní láti máa jẹ iná díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà kó lè máa ṣọ́nà, ohun tó ń jẹ yẹn sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà. Èyí tó ní waya mẹ́ta ń gba orí neutral dá tiẹ̀ padà. Èyí tó ní waya méjì, tí wọ́n ṣe kó lè bọ́ sí àyè súìṣì lásán, inú gúlóòbù ló ń gbà. Nígbà tí gbogbo wa ń lo gúlóòbù tó ń gbóná, ìyẹn ò lè dá wàhálà sílẹ̀, iná yẹn kéré jù láti mú un pọ́n. Lédì ò rí bẹ́ẹ̀. Iná kékeré yẹn tó láti mú kó máa tàn bàìbàì lóru tàbí kó máa ṣẹ́jú pàì-pàì, lédì míì sì wà tí ò ní jẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ rí iná jẹ rárá, kò ní ṣiṣẹ́. Torí náà tí lédì yín bá ń tàn bàìbàì lẹ́yìn tí sẹ́ńsọ̀ ti pa á, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oníwaya méjì lẹ rà.

Ohun tó dáa jù ni kẹ́ ẹ ra oníwaya mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ síbi tí neutral wà, ìyẹn síílìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gúlóòbù. Tó bá di dandan kó wà ní ara ògiri, kí ẹlẹ́tíríṣíànì fa neutral wálẹ̀ gba inú páìpù. Tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ wàhálà rárá, gúlóòbù tó ní PIR lára ni kẹ́ ẹ rà, ẹ yọ ti tẹ́lẹ̀, ẹ fi í síbẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí súìṣì ara ògiri wà ní títàn. Kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ wo hóódà yín, ìyẹn ibi tí gúlóòbù ń wọ̀, bóyá èyí tí wọ́n ń lọ́ ni tàbí ẹlẹ́sẹ̀ méjì.

Ẹ ṣọ́ àwọ̀ waya. Lára ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ oníwaya mẹ́ta, búráùn ni live, búlúù ni neutral, pupa ni èyí tó lọ sí gúlóòbù. Nínú àwọn ilé wa tó ti pẹ́, pupa ni live, dúdú sì ni neutral. Ẹ ti rí ibi tí ìjàǹbá wà. Ẹni tó bá ń so pupa mọ́ pupa torí àwọ̀ wọn jọra ti so live mọ́ ibi tó yẹ kí iná máa jáde. Àwòrán tó wà lára páálí ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Tí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé neutral ò sí, òun máa fi waya earth, ìyẹn èyí tó wọnú ilẹ̀ fún ààbò, ṣe é, ẹ má gbà fún un. Sẹ́ńsọ̀ á ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí earth bá já níbì kan, ara fíríìjì àti gbogbo ohun onírin tí earth yẹn kàn lè máa gbé èèyàn. Ẹ pa breaker kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, kẹ́ ẹ sì fi tester wò ó. Ẹ má sọ pé iná ti lọ. Iná lè dé nígbà tọ́wọ́ yín ṣì wà lára waya, ẹni tó ń dá a padà kò mọ̀ pé ẹ wà lórí àkàbà.

Ẹ tún wo iye wáàtì. Páálí kan lè kọ 1,200W fún gúlóòbù tó ń gbóná, kó kọ 300W péré fún lédì. Kì í ṣe àṣìṣe. Lédì máa ń fa iná wọlé lójijì gan-an lásìkò tí wọ́n bá tàn án, tẹ́ ẹ bá wá so ọ̀pọ̀ mọ́ sẹ́ńsọ̀ kan, irin súìṣì inú ẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ra, iná ò ní kú mọ́.

Ṣé ó ń dín owó iná kù? Ó dá lórí ibi tẹ́ ẹ fi sí. Ẹ jẹ́ ká mú ilé tó ní lédì 18W mẹ́rin lóde, tí wọ́n ń tàn án láago méje alẹ́ tí wọ́n ń pa á láago mẹ́fà àárọ̀. Wákàtí 11 nìyẹn, ó jẹ́ 792Wh lálẹ́ kan, nǹkan bíi yúníìtì 24 lóṣù (1,000Wh ni yúníìtì kan). Lóṣù kẹrin ọdún 2024 nígbà tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A dé ₦225 fún yúníìtì kan, ìyẹn lé ní ₦5,300 lóṣù fún iná ìta nìkan. Tí sẹ́ńsọ̀ bá wà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ò tàn ju wákàtí kan lọ lálẹ́ kan, kẹ́ ẹ sì ṣírò ohun tí sẹ́ńsọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fúnra wọn ń jẹ, ká ní ìdajì wáàtì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó máa jẹ́ nǹkan bíi 120Wh lójúmọ́. Fẹ́ni tó ń lo ínfátà, ọ̀rọ̀ yẹn tún ju owó lọ: bátìrì 12V 200Ah tẹ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ lò kọjá ìdajì, 1,200Wh lẹ rí lò nínú ẹ̀, tí kò bá sí sẹ́ńsọ̀, iná ìta yẹn á ti jẹ ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì tí lédì 5W wà, tí gbogbo ará ilé sì ń pa á tí wọ́n bá jáde, sẹ́ńsọ̀ tó ń jẹ ìdajì wáàtì á jẹ 12Wh lójúmọ́, ìyẹn sì lè mú gúlóòbù yẹn tàn fún wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 24. Ẹ ò jèrè nǹkan kan níbẹ̀, ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ jèrè fẹ́ tajà ni.

Owó kọ́ ni mo fi fẹ́ràn ẹ̀ jù. Ilé tí àgbàlagbà bá wà, bàbá tàbí ìyá tó máa ń dìde lóru lọ tọ̀, ẹ fi sẹ́ńsọ̀ sí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà láti yàrá dé balùwẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi sí àtẹ̀gùn, ní òkè àti ní ìsàlẹ̀, kí iná ti tàn kí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ tó balẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ń fọwọ́ tá ògiri wá súìṣì nínú òkùnkùn ni wọ́n máa ń ṣubú, egungun ìdí àgbàlagbà tó bá sì ṣẹ́, ìrìn lè di ìṣòro. Lédì kékeré tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ni kẹ́ ẹ lò níbẹ̀, kó má lọ fọ́ wọn lójú.

Stọ́ọ̀, gáréèjì, ẹ̀yìnkùlé, ẹnu ọ̀nà, kọ́rídọ̀, gbogbo ìyẹn dáa. Pálọ̀ ò dáa, ibi tẹ́ ẹ bá ti jókòó wo tẹlifíṣàn, sẹ́ńsọ̀ ò ní rí ìrìn, iná á kú mọ́ yín lórí. Ibi tọ́mọ ti ń kàwé náà bẹ́ẹ̀. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ bá ta kú pé ẹ fẹ́ ẹ níbẹ̀, ẹ yí TIME dé òkè pátápátá. Ilé ìdáná ló ń bà mí lẹ́rù, tẹ́ ẹ bá ń din dòdò tí iná bá kú lórí òróró gbígbóná, ẹ ó wá máa ju apá sókè kó lè rí yín. Súìṣì lásán ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀, tàbí oríṣi èyí tẹ́ ẹ̀yin fúnra yín máa fọwọ́ tàn, tó jẹ́ pé pípa nìkan ló ń bá yín pa á. Níbi yòówù kẹ́ ẹ fi í sí lóde, ẹ ní kí ẹlẹ́tíríṣíànì so súìṣì lásán kan pọ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó lè gbé live lọ sí gúlóòbù tààrà láìgba inú sẹ́ńsọ̀, kẹ́ ẹ lè jẹ́ kí iná wà ní títàn mọ́jú tẹ́ ẹ bá ní àlejò tàbí ìnáwó.

Fún ààbò, ẹ so ó mọ́ waya tí ínfátà ń gbé. Sẹ́ńsọ̀ tó wà lórí iná NẸ́PÀ nìkan, tí iná bá lọ, ó ti kú nìyẹn. Ti sólà tó ní sẹ́ńsọ̀ lára náà wà, kò nílò waya, ẹ sì lè yàn bóyá kó ṣókùnkùn pátápátá títí ẹnì kan á fi kọjá, tàbí kó máa tàn bàìbàì kó wá mọ́lẹ̀ rekete tí ẹnì kan bá dé. Bàìbàì ló dáa fún ẹnu ọ̀nà, òkùnkùn ló dáa fún ẹ̀yìnkùlé torí ó ń jẹ́ kí bátìrì pẹ́ di àárọ̀ lásìkò òjò tí oòrùn ò tó. Ẹ má fi í sábẹ́ gúlóòbù ìta míì tàbí iná títì, torí ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ sójú ẹ̀ ló ń fi mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, kò sì ní tàn.